Owó Ẹyọ Kì Í Hù Lóko Ọ̀yọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú, pàápàá àwa tí a jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ àti ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Síbẹ̀, mo ní láti sọ ọ́. Ó dá lórí ìrìn-àjò tí a máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rìn lọ sí etíkun Àgbádárìgì, àti ìtàn tí a máa ń rù bọ̀ wálé láti ibẹ̀.

Ọmọ bíbí Ọ̀yọ́ ni mí, mo sì ti bá ọkọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ìlú méjèèjì yìí dé Àgbádárìgì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí ìrìn-àjò náà ṣe máa ń rí kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. A ó gbéra ní ìdájí, a ó gba Ìbàdàn kọjá sí Èkó, a ó sì máa bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ yí títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Bí a bá dé, a ó wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ parí ní 1845. A ó wo ilé Séríkí Abass, pẹ̀lú ogójì yàrá kótópó tí wọ́n ń há ẹrú mọ́. A ó wo ẹ̀wọ̀n ní ilé àwọn Mobee. Lẹ́yìn náà ni a ó wọ ọkọ̀ ojú omi, tí a ó la ọ̀sà kọjá sí erékùṣù Gberefu, tí a ó sì fi ẹsẹ̀ rin ojú iyanrìn títí a ó fi dé ibi òpó tó dojú kọ òkun, ibi tí ẹni tó bá kọjá rẹ̀ kì í padà mọ́. Níbẹ̀, àwọn ọmọ yóò dákẹ́. Àwọn mìíràn yóò sunkún. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, wọn yóò bọ́ bàtà, wọn yóò sáré lọ pàdé ìgbì, wọn yóò máa ya fọ́tò.

N kò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí eré etíkun. Ọmọ tí a bí sí ilẹ̀ ọ̀dàn, tí kò rí omi tó kọjá odò Ògùn tàbí odò Ọ̀bà rí, bí ó bá rí òkun, ó yẹ kí ó yọ̀. Ohun tí mo ń bá jà ni ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ nínú ọkọ̀ nígbà tí a bá ń padà bọ̀. "Ẹ ò rí nǹkan tí òyìnbó fojú wa rí!" "Ẹ ò rí bí àwọn ará etíkun yìí ṣe ta ènìyàn bí ẹni ń ta ewúrẹ́!" Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́. Nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, ọ̀daràn méjì péré ló wà: àlejò tó ti òkèèrè wá, àti ẹni tó kọ́lé sí etí omi. Àwa ará òkè ńkọ́? Òǹwòran ni wá. A wá wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe, a káàánú, a ra àgbọn, a sì lọ sílé.

Irọ́ ni. Bí a kò bá sì jáwọ́ nínú irọ́ yìí, ó sàn kí a máa gbé ọmọ lọ sí ibòmíràn lọ ṣeré.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó dáadáa. Àwọn onímọ̀ tó kó àkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ òkun jọ ti ṣírò rẹ̀ pé bíi mílíọ̀nù méjì ènìyàn ni a kó láti etíkun tó bẹ̀rẹ̀ láti odò Volta títí dé ẹnu odò Ọya, láàrin ọ̀rúndún kẹtàdínlógún àti ìkọkàndínlógún. Ṣé àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n ní etí òkun yẹn ló bí gbogbo wọn? Ọ̀pọ̀ nínú wọn, òkè ni wọ́n ti wá. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn dé etí omi. Ẹnìkan ló mú wọn lójú ogun, ẹnìkan ló dè wọ́n, ẹnìkan ló gba owó bodè lórí wọn, ẹnìkan ló sì ń ṣọ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà.

Ta ló ń ṣọ́ ọ̀nà náà? Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà tí agbára Ọ̀yọ́ gbòòrò jù lọ, Ọ̀yọ́ ni. Ọ̀nà kan ti Ọ̀yọ́-Ilé wá, ó la ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí a ń pè ní Yewa lónìí, kọjá títí dé Àjàṣẹ́, tí àwọn òyìnbó sọ ní Porto-Novo, àti Àgbádárìgì. Àjàṣẹ́ ni ọjà etíkun tí Ọ̀yọ́ gbójú lé jù, Àgbádárìgì sì tẹ̀ lé e. Ọ̀yọ́ fi àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí ojú ọ̀nà náà, ó sì fi aṣojú ọba jẹ oyè níbẹ̀. Oníṣàré ní Ìjànnà jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Dahomey tí a ń ka ìtàn agbára rẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin títí di 1823. Ní 1784, nígbà tí ogun Dahomey ṣubú lu Àgbádárìgì tó sì ba ìlú náà jẹ́, Ọ̀yọ́ lọ́wọ́ sí i. Nígbà tí Clapperton gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ìparí 1825, àti nígbà tí àwọn ọmọ ìyá méjì tí orúkọ wọn ń jẹ́ Lander gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù kẹta 1830, wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa la igbó kiri kí wọ́n tó dé Ọ̀yọ́-Ilé. Ọ̀nà ọjà tó ti wà tipẹ́ ni wọ́n tọ̀. Bí ilẹ̀kùn bá wà létí òkun, àwọn baba wa ló mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ owó. Gbogbo wa la ti gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń ròyìn ayé Aláàfin Abíọ́dún, tó jọba títí di 1789, pé ayé ọlà ni, ayé ìrọ̀rùn ni. A fi ń kọ́ ọmọ nílé ẹ̀kọ́, a sì ń fi í yangàn. Ṣùgbọ́n owó wo ni a ń ná láyé náà? Owó ẹyọ ni. Níbo ni owó ẹyọ ti wá? Owó ẹyọ kì í hù lóko Ọ̀yọ́, a kì í sì í ṣà á ní bèbè odò Ògùn. Karahun ẹran omi kékeré kan tó ń gbé inú òkun Íńdíà ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, erékùṣù Maldives ni wọ́n ti ń ṣà á, tí àwọn ọkọ̀ òyìnbó sì ń kó o gba Yúróòpù wá sí etíkun wa. A kò fi èlùbọ́ rà á lọ́wọ́ wọn. Ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá rà jù lọ láyé ìgbà náà ni ènìyàn. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé owó pọ̀ nílé Ọ̀yọ́ láyé Abíọ́dún, ẹ bi ara yín léèrè: ọmọ ta ni wọ́n kà fún òyìnbó kí wọ́n tó ka owó náà fún wa?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹṣin. Kò sí ọmọ Ọ̀yọ́ tí orí rẹ̀ kì í wú bí a bá dárúkọ àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́-Ilé. Ṣùgbọ́n ẹṣin kì í pẹ́ láyé nílẹ̀ wa nítorí àìsàn tí kòkòrò ń kó bá a. Ọ̀yọ́ gbọ́dọ̀ máa ra òmíràn lemọ́lemọ́ lọ́wọ́ àwọn ará òkè Ọya, ọjà etíkun sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń rà á. Ẹṣin ń mú ẹrú wá, ẹrú ń mú ọjà etíkun wá, ọjà etíkun ń ra ẹṣin. Bí òkìtì ògo wa ṣe ga tó nìyẹn, ìdí rẹ̀ sì kan etí òkun.

Bí ẹnìkan bá ní ìtàn ọba nìkan ni mò ń sọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ kan. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀, Òṣóògùn ni wọ́n bí i sí, ní apá Ìsẹ́yìn, nínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tòní. Ní 1821, ogun kó ìlú náà. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà ní 1837 pé Fúlàní wà nínú àwọn tó ṣígun wá, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí Yorùbá náà wà nínú wọn. Wọ́n fi okùn so ọmọ yìí mọ́ àwọn ẹbí rẹ̀, wọ́n fà wọ́n lọ sí Ìsẹ́yìn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tí wọ́n sì fi í pàrọ̀ ẹṣin. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, ó ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, níbi tí àwọn Potogí ti rà á. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tó kó o, ó sì dé Sàró. Àwa la mọ̀ ọ́n sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther.

Ẹ ka iye ọwọ́ tí ọmọ yìí kọjá kí ó tó fi ojú kan òyìnbó. Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà tó ń sunkún, wọ́n gbọ́ ohun tó ń sọ. Èdè tí èmi àti ẹ̀yin fẹ́ràn yìí, tí a ń to àmì ohùn sí lórí lẹ́sẹẹsẹ, òun ni wọ́n fi ná ọmọ náà lọ́jà. Ọmọ yìí kan náà ló sì padà wá kọ́ wa bí a ṣe ń kọ èdè náà sílẹ̀. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Ní oṣù kìíní 1845, ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ó gbé ibẹ̀ ju ọdún kan lọ kí ó tó lè gòkè lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tó ti tún fi ojú kan ìyá rẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1846.

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yin náà ní tiyín níbẹ̀. Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, Àgbádárìgì ló gúnlẹ̀ sí ní 1850. Ní 1855 ló dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìwé gírámà àti ìtúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ sì jáde ní 1858. Gbogbo ọdún ni a ń ṣọpẹ́ pé ìwé àti ìhìnrere gba ọ̀nà etíkun wọlé tọ̀ wá. A gbà bẹ́ẹ̀, a sì ń fi orin sí i. Ọ̀nà etíkun kan náà ni àwọn tí a kò gbóhùn wọn mọ́ gbà jáde. Kí ló dé tí a fi ń rántí ẹni tó wọlé, tí a ń gbàgbé ẹni tó jáde?

Mo mọ àwọn èsì tí yóò jáde sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí wọ́n ti fún mi ní púpọ̀ nínú wọn rí. Àgbà kan ní Ọ̀yọ́ wò mí títí, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni." Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹni tó bá sọ pé ilé baba òun kò ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tí gbogbo ayé sì ń rí i, òun ló fi ọwọ́ òsì júwe é." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kò gbà fún mi. Ẹ kò gbọdọ̀ gbà fún mi lásán ni ẹ̀yin náà. Ẹ yẹ ẹ̀rí wò.

Àwọn mìíràn a máa sọ pé ẹrú tiwa yàtọ̀. Wọ́n á ní ẹrú wa ń di ará ilé, ìlàrí ń ṣe aṣojú ọba, ìwẹ̀fà ń jókòó nítòsí ìtẹ́, ìwọ̀fà sì ń padà sílé bí gbèsè bá tán. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, ẹ jẹ́ kí a yọ ọ́ kúrò. Òótọ́ ni pé àwọn ẹrú kan di alágbára láàfin. Ṣùgbọ́n ta ni a ń bi léèrè bóyá ẹrú náà dùn? Àwọn tó sọ òwe yìí mọ ohun tí wọ́n rí: ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, igbe ta, bẹ́ẹ̀ ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Òwe Yorùbá ni. Òyìnbó kọ́ ló pa á. Àwọn baba wa ti jẹ́wọ́ nínú òwe, àwa ọmọ ni a ń sẹ́ nínú ìwé.

Àwọn kan á ní mo ń gbèjà òyìnbó. Rárá o. Òyìnbó ló ní ọkọ̀, òun ló kó ìbọn àti ọtí wá, òun ló sọ ọmọ ènìyàn di ẹrù nínú ìwé ìṣírò, oko ìrèké òkèèrè ló sì jẹ èrè rẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fòfin de òwò náà títí di 1807, lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹ ẹ́ yó. Gbèsè wọn ń bẹ lọ́rùn wọn. Ṣùgbọ́n gbèsè ẹlòmíràn kì í san tèmi.

Èsì tó lágbára jù ni èyí: pé Ọ̀yọ́ tòní kì í ṣe Ọ̀yọ́-Ilé, pé ẹ̀yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ni Aláàfin Àtìbà sọ Àgọ́ Ọjà di Ọ̀yọ́; àti pé Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ ibi ààbò tí àwọn tí ogun lé sá wọ̀. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń ki Aláàfin, ṣé Àgọ́ Ọjà la ti ń bẹ̀rẹ̀? A jogún oyè, a jogún oríkì, a jogún ẹṣin àti adé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá pín nínú ogún òkú yóò san nínú gbèsè rẹ̀. Ìlú tó sì mú Tóyèjẹ jáde láti jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò kò lè sọ pé ìsádi nìkan ni òun mọ̀, òun kò mọ ogun. Ogun ìgbà náà kì í lọ kó iyanrìn bọ̀. Ènìyàn ni ìkógun tó níye lórí jù.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tí àwọn ará Àgbádárìgì ń ṣe. Ẹ̀wọ̀n tí àwọn baba wọn fi de ènìyàn wà nínú ilé wọn, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí àlejò wọlé wá wò ó. Wọn kò fi orúkọ ẹbí pamọ́. Wọ́n ń sọ ọ́ ní gbangba pé Séríkí Abass jẹ́ ọmọ tí a kó lẹ́rú láti ìgbèríko, tó dé Brazil, tó padà wá di olówò ẹrú. Ìtàn tó ń dójú ti ni ni, síbẹ̀ wọ́n ń sọ ọ́. Nígbà tí àlejò bá dé Ọ̀yọ́, àwa ń mú un lọ wo igbá fífín àti iṣẹ́ awọ, a ń sọ ti Ṣàngó fún un. Bí ó bá béèrè ẹrú, a ń nawọ́ sí ìhà gúúsù. Ará Àgbádárìgì wá ń ru ìtìjú tirẹ̀, ó tún ń bá wa ru tiwa.

A kì í tilẹ̀ bi í pé báwo ni. Ògù ni àwọn ènìyàn náà ń pe ara wọn; àwa ló ń pè wọ́n ní Ẹ̀gùn. Wọ́n ní èdè tiwọn, èdè tó yàtọ̀ sí Yorùbá. Zangbeto wọn, tí ẹnu wa ń pè ní Sàǹgbétò, aṣọ́de ni ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, kì í ṣe eré tí a ṣe fún arìnrìn-àjò. Iyọ̀ tí àwọn obìnrin wọn ń sè láti inú omi òkun ti wọ ọjà òkè láyé àtijọ́. Àwọn ọkùnrin ṣì ń fa àwọ̀n níbẹ̀, àwọn obìnrin ṣì ń yan ẹja. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè tó dé ibẹ̀ tí kò kọ́ kíkí kan ṣoṣo ní èdè Ògù, kò tíì dé Àgbádárìgì. Òkun nìkan ló rí.

Kí ni mo wá ń fẹ́? N kò ní kí a má lọ. Mo ní kí a bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò náà láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Kí ọkọ̀ tó kọrí sí etíkun, kí a kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Ìsẹ́yìn àti Òṣóògùn, tí kò jìnnà sí wa rárá. Kí wọ́n ka lẹ́tà Àjàyí. Kí wọ́n ka ìtàn tí Samuel Johnson kọ, ẹni tó ṣe pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, tó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Bí olùkọ́ bá ń kọ́ni ní ayé Abíọ́dún, kí ó sọ ibi tí owó ti wá. Bí wọ́n bá sì dé Àgbádárìgì, kí wọ́n fún àwọn alààyè ní wákàtí tó pọ̀ tó èyí tí wọ́n fún ẹ̀wọ̀n.

Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà; owó lọ́wọ́ la ń ra èké. Mo mọ̀ pé ọjà tí mo gbé kalẹ̀ yìí lè má tètè tà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ óò tún kó ọmọ lọ lẹ́yìn ìdánwò, ẹ bá mi bi wọ́n ní ìbéèrè méjì péré kí wọ́n tó bọ́ bàtà: ọ̀nà wo ni àwọn tí a kó gbà dé ibí, ta ló sì ń gba owó bodè lójú ọ̀nà náà? Bí wọ́n bá dáhùn rẹ̀, kí wọ́n máa lọ pàdé ìgbì. Ẹni tó bá ní ẹ̀rí tó ta ko tèmi, kí ó mú un wá, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ire o.